Àmì Orí Ìwé Ìkórè

Taipuráítà kan ṣoṣo ló wà ní ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àdúgbò Adébáyọ̀. Kò ní àmì abẹ́ lẹ́tà, kò ní àmì ohùn orí rẹ̀. Òyìnbó ló ṣe é, kò bi wá léèrè!

Tíṣà Olúwọlé, olórí akọrin, ní kí n tẹ ìwé ètò ìkórè bẹ́ẹ̀, ní ìhòòhò.

"Ta ni? Èmi tí mo dá tàípù kọ́ fúnra mi?"

"Màmá Monínú, ẹ jẹ́ ká kúkú gbé e lọ Àkúrẹ́, kí atẹ̀wé gidi bá wa ṣe é."

"Àkúrẹ́ kẹ̀! Bí àmì kan bá dín níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n tẹ nǹkan kan mọ́ nínú ìjọ yìí!"

Ẹnu mi! Ẹnu yìí náà ni.

Mo tẹ̀ ẹ́ tán, tá-tá-tá-gbì! Mo mú ṣóńṣó ìgbálẹ̀, mo ń fi ínkì kán àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé gbogbo ìjọ! Ọrùn mi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ìdajì ni mo ṣe, ínkì tán. Mo sáré bá nọ́ọ̀sì Ẹ̀bùnọlá, aládùúgbò wa, ó fún mi ní G.V., oògùn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń kùn sí egbò ọmọdé.

"Ẹ ṣọ́ra o, Màmá. Kì í kúrò lára bọ̀rọ̀."

"Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn!"

Ẹ ò rí òmùgọ̀?

Ọjọ́ ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Ìwé mi dára! Tíṣà fúnra rẹ̀ kan sáárá sí i. Mo ń yan bíi tòlótòló.

Ooru mú bí inú ààrò, ìwàásù ò sì tán. Oníkálùkù sọ ìwé ètò di abẹ̀bẹ̀: fẹ́-fẹ́-fẹ́! Òógùn ń ṣàn, wọ́n fi ìwé náà nu ojú.

Yéè!

Imú àlùfáà di àlùkò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn akọrin rí tó-tò-tó bí ara ẹtù.

Àlejò kan láti Ìgèdè fò dìde, ó kọrí sílé: "Àrùn ti wọ̀lú! Ulé yá!"

Gìrìgìrìgìrì! Wọ́n fi iṣu ìkórè sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, wọ́n ń du ẹnu ọ̀nà.

Mo kọ́wọ́ síbàdí lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ dúró! Kì í ṣe àrùn! Òpònú wo ló ń fi ìwé nu ojú?"

Wọ́n wojú mi, wọ́n gba ojú fèrèsé bẹ́.

Ìwé lèmi náà fi nu ojú; tèmi ló burú jù.

Ẹ̀rín ń pa mí báyìí o. Lọ́jọ́ náà, ẹkún ni.

Tíṣà gbé ìwé tirẹ̀ sókè, ó rin gbindin. "Màmá, àmì dà?"

Gbogbo rẹ̀ ti kó sí wa lójú.

Lọ́jọ́ Ajé, àlùfáà, pẹ̀lú imú àlùkò, ní kí n tẹ ìkéde kíá: kò sí àrùn nínú ìjọ wa.

Mo tẹ̀ ẹ́. Tíṣà gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn.

"Màmá Monínú, kò ní àmì o."

"Ẹ gbé e lọ Àkúrẹ́!"