Àdúrà Jẹ́ẹ́jẹ́ Tó Lé Wa Sínú Òtútù

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, kódà bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi. Ọjọ́ náà ni mo kó ọmọ ọlọ́mọ jáde sínú òtútù láìsí kóòtù lára wọn, tí ọlọ́pàá dé, tí pásítọ̀ dé, tí ìyá onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì ń wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Àdúrà ni mo ń gbà o. Kì í ṣe ìjà, kì í ṣe ijó. Àdúrà jẹ́ẹ́jẹ́ ni.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi, ṣùgbọ́n Niamey, ní orílẹ̀-èdè Niger, ni wọ́n bí mi sí, torí ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwa Kristẹni ò tó nǹkan, ṣọ́ọ̀ṣì wa kékeré sì dojú kọ mọ́sáláṣí ńlá kan. Ọ̀sán Jímọ̀ làwa ọ̀dọ́ máa ń pàdé, torí kì í sí iléèwé nígbà náà, ọ̀sán Jímọ̀ yẹn náà sì ni gbogbo àdúgbò máa ń kírun. Ẹní wọn á kún mọ́sáláṣí, á kún títì, á dé ẹnu ọ̀nà wa gan-an.

Kò sẹ́ni tó halẹ̀ mọ́ wa rí. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Tí mo bá ti ní Niamey ni mo dàgbà sí, wọ́n á ti máa wo ara mi bóyá wọ́n á rí àpá. Àpá kan ṣoṣo tí mo ní, orí igi máńgòrò ni mo ti já bọ́. Ohun tí olórí ọ̀dọ́ wa kọ́ wa ò ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ: "A kì í pariwo lé ẹni tó ń gbàdúrà lórí." Nítorí náà, tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, a ó bọ́ bàtà, a ó kúnlẹ̀, a ó máa gbàdúrà sínú. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wúkọ́. Tí wọ́n bá parí, bàbá àgbàlagbà tó ń gbálẹ̀ mọ́sáláṣí, Màlámù Sání, á wá fi ìka kan ilẹ̀kùn wa, kó-kó-kó. Á ní, "Àwa ti ṣe tiwa o. Ẹ máa pariwo tiyín." Ìgbà náà la ó wá bú sórin, a ó pàtẹ́wọ́ títí eruku á fi sọ. Nígbà tó yá, èmi náà di olórí ọ̀dọ́ níbẹ̀. Mi ò mọ àdúrà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí wọ́n kan ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ariwo.

Mo wá dé Prince George's County ní Amẹ́ríkà, mo sì darapọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá kan ní Lanham, ní ìlà ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú títì, láàárín onídìrí àti ibi ìfọṣọ. Àwọn ọ̀dọ́ wọn ti ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti gba ìwé ìwakọ̀, ó dìgbà. Ni Pásítọ̀ bá fún mi ní oṣù mẹ́ta láti dán mi wò. Ó ní, "Táwọn ọmọ bá dúró, ìwọ náà á dúró." Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn gan-an. Láti ìgbà tí mo ti dé, páálí ni mo ń gbé nílé ìkẹ́rùsí, kò sì sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Ẹni tí mo ní láti ṣọ́ra fún ni Dádì Kẹ́mi. Òun ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Upper Marlboro, ó sì máa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáadáa, títí kan ti Sátidé. Ní tirẹ̀, àdúrà tí wọn ò bá gbọ́ níbi ìgbọ́kọ̀sí, ilẹ̀ ló ṣì wà, kò tíì gbéra. Ó máa ń wá lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn wa.

"Ṣé ẹ ń sùn ni?"

"Rárá sà, a ń gbàdúrà ni."

"Ta lẹ wá ń fi pamọ́ fún?"

Kẹ́mi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà lára àwọn ọ̀dọ́ mi. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Tí bàbá rẹ̀ bá ń gbé e bọ̀, á ti ki ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ orin bọ etí méjèèjì, á kọjú sí fèrèsé, wọn ò sì ní bára wọn sọ gbólóhùn kan látilé títí dé ṣọ́ọ̀ṣì. Tí mo bá fi Yorùbá kí i, Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi dáhùn.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, òtútù mú débi pé imú mi ò sí lára mi mọ́. Mọ́tò mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀. Dádì Kẹ́mi ṣílẹ̀kùn fún wa, òun àtàwọn òbí yòókù já àwọn ọmọ sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Mo sọ fáwọn ọmọ pé lónìí, bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà ní Niamey la máa ṣe é. Mo gba fóònù gbogbo wọn, mo fi wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnnì pẹ̀lú tèmi. Kóòtù wọn wà lára ìkọ́ níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n bọ́ bàtà. Yàrá wa wà lẹ́yìn pátápátá, kò ní fèrèsé. Mo ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mira, títí màá fi ní ká ṣe àmín."

Ọmọ tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, tí ẹ bá ní kó gbàdúrà, àjà ló máa wò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá sọ ọ́ di ìdíje, ẹ ó rí nǹkan. Wọ́n jókòó gbagidi. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti gbàdúrà fúnra mi.

Bí a ṣe wà níbẹ̀, iná kú. Ara mi ò tilẹ̀ fu. Níbi tí mo ti wá, iná kì í dágbére kó tó lọ. Mi ò mọ̀ pé iná ilé yẹn ń ṣọ́ èèyàn, pé tí kò bá ti rí ẹni tó ń mira, ara rẹ̀ ló máa ń pa. Kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n ní gbọ̀ngàn ńlá, torí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba ilé náà, kò tíì sẹ́ni tó dúró sójú kan níbẹ̀.

Ọmọ kan sọ ọ́ wúyẹ́ pé, "Uncle, ṣé ara ètò ni?"

Mo ní, "Ara ètò ni." Ẹ wo ìgbéraga.

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ilẹ̀kùn iwájú, mo gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́. Dádì Kẹ́mi ti dé. Kò rí mọ́tò níta, kò rí iná nínú ilé. Mo gbọ́ tó ní, "Hùn-ún! Mo wí bẹ́ẹ̀. Ó ti lé àwọn ọmọ lọ. Kẹ́mi náà ti bá wọn lọ, kò tilẹ̀ pè mí." Mo la ẹnu láti dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí orúnkún rẹ̀ dún lórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti kúnlẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rojọ́ ara rẹ̀ fún dókítà.

"Bàbá, ọmọ yìí ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Àbí mo ti le jù ni? Mo mọ orúkọ gbogbo tíṣà rẹ̀, mi ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, kó jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, kó bá mi sọ̀rọ̀. Kódà kó bú mi."

Ẹnu tí mo là, mo pa á dé. Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá wúkọ́, á mọ̀ pé gbogbo wa ti gbọ́. Òfin Niamey sì wà lọ́kàn mi: a kì í pariwo lé ẹni tó ń gbàdúrà lórí. Nínú òkùnkùn yẹn mi ò rí Kẹ́mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ẹnì kan fa imú lápá ibi tó jókòó sí. Mo tu ara mi nínú pé kò gbọ́ Yorùbá.

Bàbá náà dìde, ó nu imú, ó lọ. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ nǹkan tó ń ké pí, pí, pí lápá iwájú. Mo rò pé ọkọ̀ ẹrù kan ló ń fi ẹ̀yìn rìn níta. Mo dúró kó lọ jìnnà dáadáa kójú má baà tì í, mo wá ní, "Lórúkọ Jésù!"

"Àmín!" Gbogbo wọn fò dìde. Iná rí wa, ó tàn. Àṣé áláàmù tí Dádì Kẹ́mi tàn kó tó ti ilé ló ń ké pí-pí yẹn; òun náà rí wa, ó figbe ta.

Mo ti gbọ́ ariwo láyé mi, ṣùgbọ́n tọjọ́ náà wọ eyín mi. Mo kígbe pé, "Ẹ má sáré! Ẹ má sáré!" Iwájú gbogbo wọn ni mo wà tí mo ti ń sọ ọ́. A ti ilẹ̀kùn, a tú síta, ilẹ̀kùn sì pa dé lẹ́yìn wa, gbàm! Ẹni tó wà nínú lè ṣí i. Ẹni tó wà níta, ó di kọ́kọ́rọ́. Kóòtù wà nínú ilé, fóònù wà nínú ilé. Bàtà ńkọ́? Ẹ má bi mí. Gbogbo wa tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú ìbọ̀sẹ̀, a ń fò sókè sódò lórí kọnkéré.

Ìyá onídìrí, ará Sẹ̀nẹ̀gà, yọjú. Mo fi Faransé Niamey kí i, ó sì ṣílẹ̀kùn fún wa lọ́gán. Ó ní, "Ta ló ń lé yín?" Mo ní àdúrà ni. Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Irú àdúrà wo nìyẹn?" Ó bu ẹ̀pà fáwọn ọmọ, ó na fóònù rẹ̀ sí mi pé kí n pe ẹni tí mo bá fẹ́ pè. Háà! Nọ́ńbà kan ṣoṣo tó wà lórí mi ni ti bàbá mi ní Niamey. Àwọn ọmọ náà ò mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni, inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà. Kẹ́mi nìkan ló gba fóònù, tó tẹ nọ́ńbà bàbá rẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọlọ́pàábìnrin kan tí áláàmù pè ló kọ́kọ́ dé. Ó ní kí la ń ṣe nínú ilé tí wọ́n ti tì. Mo ní a ń gbàdúrà. Nínú òkùnkùn? Bẹ́ẹ̀ ni. Láìwọ bàtà? Bẹ́ẹ̀ ni. Ó yíjú sáwọn ọmọ. Ọ̀kan fi ẹ̀pà sẹ́nu, ó ní, "Ara ètò ni." Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Dádì Kẹ́mi dé, Pásítọ̀ tó ti pè náà sáré dé láti Oxon Hill, bùbá lókè, sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Dádì Kẹ́mi pa áláàmù, ó sì dojú kọ mí. "Mo wọlé, mi ò gbúròó ẹnikẹ́ni! Ẹ wà níbẹ̀, ẹ gbọ́ kọ́kọ́rọ́ mi, ẹ ò lè dáhùn?"

Pásítọ̀ ní, "Ṣé ẹ gbọ́ Dádì àbí ẹ ò gbọ́?"

Tí mo bá ní a gbọ́, wọ́n á bi mí pé kí la gbọ́. Tí mo bá ní a ò gbọ́, mo parọ́. Mo ní, "Ẹ̀bi mi ni, sà."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ mi ti lu, àtàǹpàkò yọ síta, òun náà ń wò mí. Pásítọ̀ mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Oṣù mẹ́ta yẹn, a ò ní dúró kó pé." Ojú mi ṣókùnkùn. Páálí ló kù fún mi nìyẹn.

Kẹ́mi bá dìde lórí àga onídìrí. Ó rìn lọ bá bàbá rẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀, ó dúró níwájú rẹ̀.

"Dádì," ó ní, "àmín."

Bàbá náà wò ó. Ó wò mí. Ó wo àwọn ọmọ tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bo ọmọ rẹ̀ lára, ó sì kọ́ ọ́ lọ́rùn. Nígbà tó yá, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mi ò kan ilẹ̀kùn." Omi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún ìyá onídìrí pé ìpara irun rẹ̀ ló ta sí mi lójú.

Lọ́jọ́ náà, mọ́tò wọn pẹ́ níbi ìgbọ́kọ̀sí kó tó lọ. Kẹ́mi ò ki nǹkan kan bọ etí. Mo rí i tó ń fọwọ́ ṣàlàyé nǹkan, tí bàbá rẹ̀ sì ń mi orí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò ṣòro: ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà jẹ́ẹ́jẹ́ ní Amẹ́ríkà, kó wọ bàtà. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà o. A máa ń yan ẹnì kan tí á máa ju ọwọ́ kí iná lè mọ̀ pé a ò tíì kú. Tó bá sì kù díẹ̀ kí wọ́n ti ilé, Dádì Kẹ́mi á fi ìka kan ilẹ̀kùn, kó-kó-kó. Á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, mo ti gba tèmi tán lọ́hùn-ún. Ẹ máa pariwo tiyín." Ẹ̀rín á pa mí, màá rántí Màlámù Sání, a ó sì bú sórin.