Ta Ló Rán Aṣọ Yín, Ọ̀gá?

Ẹ bá mi kí ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò wa. Afínjú là ń pè é, tayọ̀tayọ̀ ló sì fi ń jẹ́ ẹ. Afínjú tí í wo dígí kó tó wo olè. Ó-gún-régé-bí-òpó-àsíá. Bí jàǹdùkú bá ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́, ọ̀gá á kọ́kọ́ nu bàtà ná, kí olè má baà rí i ní wúruwùru. Àwọn àgbà ní aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Lójú tirẹ̀, àwọn àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ kò rí aṣọ wọ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́, ó gbé aṣọ iṣẹ́ tuntun fún télọ̀ kan ní òpópónà wa. Ẹ̀rọ ìránṣọ télọ̀ bàjẹ́, aṣọ pẹ́. Ni ọ̀gá bá rán àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé télọ̀, wọ́n gbé aṣọ tí kò tíì parí, wọ́n lọ. Ohun tí a tún gbọ́ ni pé télọ̀ ti kú.

"Ẹnu géètì wa ló ṣubú sí," ọ̀gá wí. "Kò tilẹ̀ wọlé. Ọkàn rẹ̀ ló dákẹ́."

Ẹ̀gbọ́n télọ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà, lọ dúró sí ẹnu géètì náà, ó ní kí wọ́n gbé òkú àbúrò òun fún òun. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. A bá a dúró. Àwọn kan kọ ọ́ sí páálí: KÍ LÓ PA TÉLỌ̀ WA? Rédíò gbé e. Ariwo dé olú iléeṣẹ́, wọ́n sì rán ọ̀gá àgbà kan, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, kó wá gbọ́ tẹnu gbogbo wa ní gbọ̀ngàn iléèwé.

Ẹlòmíì ìbá máa gbọ̀n. Ohun tí Afínjú béèrè ni pé, "Ṣé àwọn oníkámẹ́rà ń bọ̀?" Wọ́n ní wọ́n ń bọ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Aṣọ tuntun ló wọ̀ wá. Bọ́tìnnì rẹ̀ ń kọ mọ̀nà, ìlà ṣòkòtò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gé iṣu.

"Ojú mi ò kan ojú télọ̀ yẹn rí," ó wí fún gbogbo ayé.

Ẹ̀gbọ́n télọ̀ dìde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ kú ìmúra, ọ̀gá."

"Ẹ ṣé, ìyá."

"Aṣọ yìí mà bá yín mu o. Ta ló rán an?"

Kọ́ńsítébù tó wà lẹ́yìn ọ̀gá wúkọ́. Ọ̀gá ò gbọ́. Ọ̀dọ̀ kámẹ́rà lọkàn rẹ̀ wà. Ó yí ẹ̀yìn padà kí wọ́n rí i dáadáa.

"Ìyá, ojú mi rí màbo kí n tó rí i gbà. Àwọn télọ̀ ìsinyìí, àfi kéèyàn dúró tì wọ́n. Inú sẹ́ẹ̀lì ni mo ní kí wọ́n tì í mọ́, òun àti abẹ́rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ní ọwọ́ ń dun òun, mo ní kí àwọn ọmọ fi bẹ́líìtì là á lóye díẹ̀. Ẹ wá wo èjìká rẹ̀, ẹ wo bó ṣe jókòó."

Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ti Afínjú pa á tán, ó tún wọṣọ fún un.

"Télọ̀ wo nìyẹn?" ọ̀gá àgbà béèrè.

Afínjú sáré fi ọwọ́ bo bọ́tìnnì rẹ̀.

"Ẹ bọ́ aṣọ yẹn," ọ̀gá àgbà wí. "Ẹ̀rí ni."

"Níbí, mà?"

"Níbí."

Ó tú bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ya káàkiri, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ihò rẹ̀ pọ̀ ju òwú rẹ̀ lọ. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn oníkámẹ́rà sún mọ́ ọn, Afínjú sì ń fi fìlà bo ikùn. Wọ́n mú òun àti àwọn oníbẹ́líìtì rẹ̀ lójú wa.

Ẹ̀gbọ́n télọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró síwájú rẹ̀.

"Ibo lẹ gbé àbúrò mi sí?"

Afínjú wolẹ̀. "Mọ́ṣúárì ilé ìwòsàn ńlá. Mo ní kí wọ́n má kọ orúkọ sí i lára."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wa. Obìnrin náà so gèlè rẹ̀ le, ó jáde, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀, ká lè lọ pe télọ̀ ní orúkọ rẹ̀.