Orúnkún Irin Ìyá Ìyàwó

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, irú rẹ̀ ò débẹ̀ rí. Ìyá àgbà kan ló pe ọkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́ pé ó ti ilẹ̀kùn mọ́ òun síta nínú òjò, ó ní òun kì í ṣe ènìyàn mọ́.

Baálẹ̀ ní kí ìyá rojọ́.

"Baálẹ̀, ẹ̀mí yín á gùn. Orúnkún mi ló bàjẹ́, ni dókítà bá yọ ọ́, ó fi irin síbẹ̀. Mo tọsibítù dé tòun tọ̀pá lọ́wọ́, mo kanlẹ̀kùn. Ọkọ ọmọ mi yọjú lójú fèrèsé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, 'Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ má bínú, ẹ ò lè wọlé.'"

"Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó lé yín?"

"Gbalaja! Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni."

Ọkọ ọmọ náà dìde. Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ló ń ṣe, ìwé ìtàn àròsọ mẹ́ta ló sì há sábẹ́ abíyá.

"Baálẹ̀, mi ò bá Màmá jà. Ìwé ló là mí lójú. Ọ̀tá méjì ló ń bọ̀ wá run ọmọ ènìyàn. Ọ̀kan jẹ́ ẹ̀rọ pọ́ńbélé, irin látòkè délẹ̀. Èkejì jẹ́ ààbọ̀ ènìyàn, ààbọ̀ ẹ̀rọ."

"Èwo ló burú jù?"

"Ààbọ̀ ni! Ẹ̀rọ pọ́ńbélé, tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ ó sá. Ààbọ̀ á kí yín, á béèrè àwọn ọmọ, á jókòó ti oúnjẹ. Kò ní pa yín o, á sọ yín di irú ara rẹ̀ ni. Orúnkún ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀."

"Ta ni ìyá yìí fẹ́ sọ di ẹ̀rọ nílé rẹ?"

"Ìyàwó mi. Ọjọ́ tí Màmá dé gan-an ló ní orúnkún ń dun òun."

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, tí wọ́n fi irin dí eyín rẹ̀, rọra pa ẹnu dé.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí olùjẹ́jọ́, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ fara kanra.

"Ọ̀rẹ́ mi ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Àmọ́ irọ́ ló ń pa."

"Ṣé ò ń gbè é ni, àbí o ò gbè é?"

"Mo gbè é, Baálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ pọ́ńbélé ló burú jù. Ààbọ̀ ṣì níkùn, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ fún un lóúnjẹ, àánú lè ṣe é. Ẹ̀rọ pọ́ńbélé kì í bínú, kì í rẹ̀ ẹ́, kò mọ ìyá, kò mọ àna. Ẹ̀rọ ìgẹrun mi gé oníbàárà létí lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò tiẹ̀ sọ pé pẹ̀lẹ́."

"Ìwọ lo gé e!" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ pariwo.

"Ẹ̀rọ ló gé e! Èmi kàn dì í mú ni."

Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó ló pa á mọ́ wọn lẹ́nu.

"Baálẹ̀, ibi iṣẹ́ ni mo wà. Nígbà tí mo dé, ìyá mi ti wà nínú òjò fún wákàtí méjì, ó ń gbọ̀n. Mo bi ọkọ mi pé kí ló ń ṣe lójú fèrèsé. Ó ní òun ń ṣọ́ ọ bóyá yóò dógùn-ún."



"Nígbà tí ibà dá ọkọ ọmọ mi yìí dùbúlẹ̀," ni ìyá sọ jẹ́jẹ́, "èmi ni mo fi ṣíbí bọ́ ọ."

Onírédíò doríkodò. "Màmá, ẹ̀rù ló bà mí."

Baálẹ̀ wú ikọ́.

"Ẹ̀rọ pọ́ńbélé ò tíì dé. Ààbọ̀ náà ò tíì dé. Ògidì ènìyàn tí kò ní irin kankan lára ló dá ìyá ìyàwó rẹ̀ dúró sínú òjò, òun la sì rí mú. Láti òní títí di oṣù mẹ́ta, ìwọ onírédíò ti di ẹ̀rọ ìyá yìí. Bí wọ́n bá tẹ̀ ọ́ lórí lẹ́ẹ̀kan, dìde. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, bẹ̀rẹ̀, kí o pọ̀n wọ́n gorí àtẹ̀gùn. Ẹ̀rọ kì í jiyàn, ẹ̀rọ kì í sì í kàwé."

Wọ́n gba ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lábẹ́ abíyá rẹ̀.

Ìyá ò fàkókò ṣòfò. Ó tẹ orí ọkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gùn ún lẹ́yìn, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú bí ẹni tó ń wa mọ́tò.

Wọn ò tíì jáde tán tá a fi gbọ́ ohùn onírédíò: "Màmá, ẹ mà wúwo o!"

Ìyá ké sí ọmọ rẹ̀ obìnrin, "Ọmọ mi, sáré wá gbọ́ o. Ẹ̀rọ tuntun yìí ti ń pariwo."