Bàbá Ò Tíì Ní Kí N Máa Lọ

Ọjọ́ kẹta rèé tí Dúrójayé, awakọ̀ takisí tó ń ná Ìdó sí Ìkọ̀lé, ti ń gbé ọmọ rẹ̀ wá sí jẹ́lé-ó-sinmi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ kẹta sì rèé tí òun fúnra rẹ̀ kọ̀ tí kò lọ. Ó jókòó sórí àga rọ́bà pupa kékeré, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí, Olúwatóbilọ́ba, ọmọ ọdún méjì, sì di ṣòkòtò rẹ̀ mú gírígírí. Àǹtí Títílọlá tó ni kíláàsì dúró lé wọn lórí, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

“Bàbá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí àga yẹn kó tó fọ́.”

“Àǹtí, ẹ má pè mí ní Bàbá lójú wọn.”

“Lójú ta ni?”

Dúrójayé fi àgbọ̀n júwe ọmọ náà. “Lójú Bàbá.”

Àǹtí wolẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni ọmọ náà wọ̀, ikun sì ti sọ̀ kalẹ̀ dé ètè rẹ̀.

“Èyí tí ikun gba gbogbo imú rẹ̀ yìí?”

“Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Otútù ló mú wọn.”

“Tóbi lẹ̀ ń pè ní ‘wọn’?”

“Orúkọ ulé-ùwé nìyẹn. Babátúndé ni wọ́n. Bàbá mi kú, kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n dé. Wọn ò ké bí ọmọ tuntun, wọ́n kàn ń wò wá yíká bí ẹni pé a ò gbálẹ̀ dè wọ́n. Nọ́ọ̀sì gbá wọn nídìí kí wọ́n lè ké, èmi ni mo bá a jà.”

“Ṣebí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ? Ṣé pásítọ̀ ò ti sọ fún wa pé òkú kì í padà wá?”

“Wọ́n sọ ọ́, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ulé lọ́jọ́ náà, Bàbá ti jẹ ẹran mi tán, wọ́n fi tiwọn pamọ́ sábẹ́ iyán. Kò sẹ́ni tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ulé wa àfi Bàbá.”

“Gbogbo ọmọdé ló ń jẹ ẹran!”

“Ṣé gbogbo wọn ló ń fi tiwọn pamọ́?”

Àǹtí Títílọlá, tó fi ọdún mẹ́ta kàwé nípa ọmọ wẹ́wẹ́, tí kì í sì í jẹ́ kí òbí kankan gbàgbé, yínmú.

“Ẹ gbọ́ o. Ọ̀gá ti ní òní ni òpin. Òbí tí aago mẹ́jọ bá lù bá nínú kíláàsì, kó gbé ọmọ rẹ̀ máa lọ sílé, ó di sáà tó ń bọ̀.”

Dúrójayé káwọ́ lérí. “Yéè! Mobọ́lá ùyàwó mi ò níí gbà. Ó ní bí wọ́n bá dá Bàbá padà, èmi ni màá máa gbé wọn lé itan wa mọ́tò títí di Kérésì.”

“Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

Níta, fèrè mọ́tò dún: pááàn! pááàn!

“Ta nìyẹn?”

“Àwọn èrò Ìkọ̀lé ni. Wọ́n ti wà nínú takisí láti aago méje. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sáré wá wo Bàbá.”

“Wọ́n sì gbà?”

“Wọ́n rò pé Bàbá wà lórí àìsàn ni.”

“Ẹ purọ́ fún wọn!”

“Mi ò purọ́. Mo ní ara Bàbá ò balẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí n kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Gbogbo wọn ló bá mi kẹ́dùn. Màmá kan tiẹ̀ ní kí n fún wọn ní èyí.”

Ó yọ ọsàn méjì jáde nínú àpò. Ọmọ náà gba ọ̀kan, ó gé e jẹ tòun tèèpo.

“Kò le rárá,” ni Àǹtí wí. “Ẹ ó wò ó lójú dáadáa, ẹ ó ní ó dàbọ̀, ẹ ó kẹ́yìn sí i, ẹ ó máa lọ.”

“Kí n wo Bàbá lójú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kí n tún wá kẹ́yìn sí wọn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni!”

“Àǹtí, ṣé àwọn òbí yín mọ ohun tí wọ́n kọ́ yín ní ulé-ùwé tí ẹ lọ?”

“Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọgbọ́n tiyín!”

“Mò ń tọrọ àyè ni. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, ‘Bàbá, ṣé kí n máa lọ?’ Wọ́n ní rárá. Mo jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lánàá nìkan.”

“Ọmọ ọdún méjì! Kí ló tún wà lẹ́nu ọmọ ọdún méjì ju rárá lọ?”

“Òun náà ló wà lẹ́nu Bàbá títí wọ́n fi kú.”

Àǹtí nawọ́ láti fa ọmọ náà. Dúrójayé fi ara dí i. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́jọ́ tí mo lọ sí Èkó, mi ò tọrọ àyè. Mo dúró kí Bàbá lọ sóko, mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo ní kí àbúrò mi bá mi sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Ọdún mẹ́fà. Òkú wọn ni mo wá bá.”

Ó dùn ún títí dòní, Mobọ́lá nìkan ló sì mọ̀. Ó fọwọ́ nu ojú, ó ṣe bí ẹni pé omi ọsàn ló ta sí i.

“Ẹ wá fẹ́ kí n tún fi wọ́n sílẹ̀ láìdágbére?”

Àǹtí Títílọlá wo aago ara ògiri. “Ẹ tún tọrọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ṣe é kíá.”

Àsìkò náà gan-an ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Faith ti ọkọ̀ tipa rọ́bà ìṣeré kọjá, yanrìn kún inú rẹ̀. Ọmọ náà jáwọ́ lára ṣòkòtò, ó tẹ̀lé tipa. Dúrójayé na gbalaja sórí ẹní.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa lọ síbi uṣẹ́?”

Ọmọ náà ò tiẹ̀ gbójú sókè. “Máa lọ.”

“Kí ni wọ́n wí?” ni Dúrójayé béèrè láti ilẹ̀.

“Wọ́n ní kí ẹ máa lọ.” Àǹtí fúnra rẹ̀ ò mọ ìgbà tí ‘wọ́n’ dé ẹnu òun.

“Wọn ò gbọ́ mi dáadáa.”

“Wọ́n gbọ́.”

“Bàbá, ṣé ẹ ò níí ṣàárò mi?”

“Lọ!” ni ọmọ náà wí, torí ẹsẹ̀ Dúrójayé dí ọ̀nà tipa.

“Àǹtí, ẹ má dá a lóhùn! Ọmọ ọdún méjì ni! Kí ni ọmọ ọdún méjì mọ̀?”

“Ẹ fẹ́ máa bá Bàbá jiyàn lójú mi? Ẹ dìde!”

Aago lù. Fèrè takisí dún. Dúrójayé fi ẹ̀yìn rìn jáde, ó ń tẹrí ba títí tí ìpàkọ́ rẹ̀ fi gbá òpó ilẹ̀kùn. Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ mí kanlẹ̀ ni orí kan yọ lójú fèrèsé, ojú rẹ̀ kún fún omi.

“Kí ló tún dé?”

“Kò sí o. Mo kàn ń wò wọ́n ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí i kí Bàbá ṣeré rí.”

Àǹtí Títílọlá wo ọmọ tó ń da yanrìn sí orí ara rẹ̀. Ó wo ọkùnrin náà. Ó di fèrèsé mú, ó rọra ń tì í.

“Ẹ máa lọ, kí wọ́n ráyè ṣe é. Ẹ ti dà wọ́n láàmú tó nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá sáyé.”