Ẹjọ́ Pátákò Ẹ̀fúùfù, Ẹṣin Ọba

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Àràbà, onílé, àlejò, ẹ tẹ́tí! Akéde Ìgè ló ń tiro bọ̀ yìí. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Òfin ló ní kó tiro!

Ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ iwájú ń dun Ẹ̀fúùfù, ẹṣin Kábíyèsí. Kò lè fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀. Yésúfù tó ń tọ́jú rẹ̀ ní egungun kékeré kan wà nínú pátákò, lápá ẹ̀yìn, tó rí bí ọkọ̀ ojú omi. Bí imú pátákò bá gùn jù, iṣan á máa lọ egungun náà bí ẹni lọ ata. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gé imú pátákò náà. Èèwọ̀! Irin kì í kan pátákò ẹṣin ọba! Àwọn ìjòyè ní Yésúfù ló bẹṣin jẹ́: bí ẹṣin bá tiro wọ ojúde lọ́jọ́ ọdún, kí Yésúfù fi ìlú sílẹ̀.

Ni Kábíyèsí bá pàṣẹ. Akéde tún un wí fún olórí kunkun:

Èkíní: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn dáadáa ju ẹṣin ọba lọ. Gbogbo ohun tó ń fẹsẹ̀ rìn, kó máa tiro. Gbogbo ohun!

Èkejì: Adìyẹ tó bá sáré, ẹni tó ni ín ló sáré!

Ẹ̀kẹta: Ẹni tó bá rìn ṣánṣán, Yésúfù yóò gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gbangba, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, títí ayé! Yésúfù fúnra rẹ̀ ló dá ìjìyà yìí lábàá. Àwọn ìjòyè ní ó gbọ́n.

Ìyá Àwẹ̀ró, Akéde rí yín lẹ́nu ọ̀nà o! Ẹsẹ̀ yín ti gún jù! Ẹ tiro, ẹ jọ̀ọ́!

Tòní wá rè é. Ọjọ́ márùn-ún ni Yésúfù fi so ẹṣin mọ́lẹ̀ lórí iyanrìn rírọ̀ létí odò, níbi tí ilẹ̀ kò ti ni ẹsẹ̀ rẹ̀ lára. Láàárọ̀ yìí, ìjòyè mẹ́ta tiro lọ wò ó. Wọ́n bá ọ̀daràn! Lórí iyanrìn, Ẹ̀fúùfù ń rìn ṣánṣán! Ṣánṣán, lójú ìjòyè mẹ́ta!

Èèwọ̀ ní kí wọ́n má gé e. Òfin ní kí wọ́n gé e. Ọ̀rọ̀ ọba kì í sì í padà sẹ́yìn. Ẹ̀fúùfù jẹ̀bi! Pátákò ni èékánná ẹṣin. Lọ́la ni Yésúfù yóò gé e, lójúde. Kò tún gbọdọ̀ kúrò nílùú mọ́: ta ni yóò gé e lọ́sẹ̀ mẹ́fà òní?

Ẹ wá wò ó! Ẹ máa tiro bọ̀! Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gún, ẹ̀yìn ẹṣin ni kó tò sí!

Ẹnu ọba lọ̀rọ̀ ti jáde. Ẹsẹ̀ Ìgè ló rù ú dé ibí. Ó ku etí yín o!