Èmi àti Tísà Nídìí Òṣùwọ̀n Kan

Bí mo tilẹ̀ gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé mi, ọjọ́ kan ṣì wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí mo lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ dókítà, tí ẹ̀kọ́ ilé fẹ́ sọ mí di àgbẹ̀ kòkó.

Ọmọ Ìdóànì ni mí. Kí n tó gun lọ́rì láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi pè mí sẹ́yìn ilé. Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o ó ṣe ìdánwò yìí. Bí wọn ò bá mú ọ, àdá rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.” Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láti Ìdóànì títí dé Ọ̀wọ̀, àdá yẹn nìkan ni mo ń rí.

Ìdánwò àkọsílẹ̀ ti òwúrọ̀ lọ dáadáa. Tọ̀sán ni ti àfọwọ́ṣe, wákàtí méjì péré ni wọ́n sì fún wa. A ó kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n kékeré kan tó wà nínú àpótí gíláàsì wọn iyọ̀ kan, iyọ̀ tí kì í ṣe ti ọbẹ̀ o, lẹ́yìn náà la ó pò ó mọ́ omi, tí a ó sì máa dán an wò. Ẹni tí kò bá tíì wọn iyọ̀ kò lè fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Àmọ́ òṣùwọ̀n kò kárí. Ọ̀gá tó ń ṣọ́ wa ní, “Kí ẹni méjì lo ọ̀kan. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ pín àkókò yín.”

Mo ti gbé abọ́ iyọ̀ mi dúró nídìí òṣùwọ̀n nígbà tí ẹnìkejì mi dé. Mo gbójú sókè. Tísà ni! Tísà tó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ Àkókó tí pàṣán rẹ̀ mọ ẹ̀yìn mi ju ìyá mi lọ. Mo ti gbọ́ pé ó ń dá ìwé kà nílé, ṣùgbọ́n ta ló rò pé dókítà ni òun náà ń wá? Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ kú ọ̀sán, sà.”

“Áà, ìwọ nìyí! O mà ti dàgbà o.”

“Ẹ máa wọn tiyín, sà.”

Ẹnu mi ló pa mí. Tísà jókòó. Ó mú áńkáṣíìfù, ó nu gíláàsì náà tọwọ́ tẹsẹ̀ bí ẹni ń múra ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bu iyọ̀ bíńtín lé e, ọwọ́ òṣùwọ̀n fì sọ́tùn-ún. Ó yọ díẹ̀ kúrò, ó fì sósì. Tísà kì í kánjú rárá. Nígbà tó ń kọ́ wa, bó bá fa ìlà sójú pátákó, á nù ún, á tún un fà. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mò ń ka ìṣẹ́jú.

Wọ́n máa ń sọ pé ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Mo ti wẹ ọwọ́ mi mọ́ tónítóní, àmọ́ àgbà kò gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo.

Kò pẹ́ ni Tísà yíjú sí mi. “Lọ bá mi bu omi wá níbi ẹ̀rọ yẹn.” Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n mo lọ. Nínú ìdánwò! Mo bu omi wá, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Mo wá ronú pé ó tó gẹ́ẹ́, kí n sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà,” báyìí ni ọ̀gá náà jágbe mọ́ wa láti iwájú: “Ẹ̀yin méjì! Bí mo bá tún gbọ́ ohùn yín, ẹ ó jáde síta!”

Ọ̀rọ̀ sísọ wá di èèwọ̀. Kí ni kí n ṣe? Mo wúkọ́ díẹ̀. Ọwọ́ òṣùwọ̀n fò sọ́tùn-ún, ó fò sósì. Tísà wò mí pẹ̀lú ojú tó fi máa ń wo ẹni tí yóò jẹ ẹgba, ló bá da iyọ̀ rẹ̀ nù, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan àtààbọ̀ ti lọ. Òógùn bò mí. Mo wá ronú kan ohun tí ọmọ gidi máa ń ṣe bó bá fẹ́ bẹ àgbà tí kò sì lè sọ̀rọ̀: mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì.

“Ó ti dákú o!” Ọ̀gá náà sáré dé, ó gbé omi tí mo bù wá fún Tísà, ó dà á lé mi lórí. Omi náà kan orí mi, ó kan abọ́ iyọ̀ mi, ó kan ìwé ìdáhùn mi.

Tísà gbé mi dìde. “Kí ló ṣe ọ́?”

“Òṣùwọ̀n ni, sà. Mi ò tíì wọn tèmi.”

Ẹnu Tísà ò lè padé. “O ò tíì wọn tìẹ? Ṣebí ìwọ lo ní kí n máa wọn tèmi! Mo rò pé o ti wọn tìẹ kí n tó dé ni! Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?”

Wọ́n fún mi ní iyọ̀ àti ìwé mìíràn, ṣùgbọ́n àkókò tó kù kò tó nǹkan mọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da omi sí i ni agogo lù. Omijé bọ́ lójú mi, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, nítorí ojú mi ti tutù tẹ́lẹ̀.

Orúkọ Tísà jáde. Tèmi ò jáde. Mo ro oko kòkó fún odidi ọdún kan. Nígbà tí Tísà wá fún ìsinmi, ó tọ bàbá mi lọ, ó sì rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, “Lọ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí o bá débẹ̀, má mọ ẹnikẹ́ni.”

Ohun tí mo kọ́ ni pé àgbà tí o fi àyè sílẹ̀ fún lè má mọ̀ rárá pé ìwọ náà ń wá àyè. Ẹnu rẹ ni yóò sọ fún un.

Nígbà tí mo padà lọ, bàbá kan tó ti ń hewú ni wọ́n pín mọ́ mi. Kò tíì jókòó tí mo ti di òṣùwọ̀n mú. “Ẹ kú ọ̀sán, sà. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Bí mo bá ṣe tán, ó kàn yín.” Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó pòṣé.

Àwa méjèèjì la wọ ilé-ẹ̀kọ́ dókítà. Títí a fi jáde, ó ń sọ fún gbogbo kíláàsì pé kò sí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ tó mi. N kì í bá a jiyàn. Mo kàn máa ń rẹ́rìn-ín, nítorí èmi nìkan ni mo mọ iye tí ẹ̀kọ́ ilé ti ná mi.