Epo Tí Fásanmí Bu Sí Kílọ́ọ̀ṣì Bàbá Owóẹyẹ

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ òwe lẹ́nu àgbà tí ẹ kàn ń mi orí, ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ìdí tí àwọn ará Òkè-Àfọ̀n fi ń sọ pé, "Ohun tó ń fi gbígbẹ jẹun, a kì í fi epo tù ú"? Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ ó máa rò pé èlùbọ́ ni wọ́n ń bá wí. Kò kan èlùbọ́ rárá. Mọ́tò ló dá a sílẹ̀, mọ́tò àti ọkùnrin kan tí ìtìjú kò jẹ́ kó gbádùn.

Fásanmí ni ọkùnrin náà. Mẹkáníìkì ni, ọwọ́ rẹ̀ sì dáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Àléébù kan tó ní ni pé kò lè gbà kí ohun tí òun fọwọ́ kàn máa pariwo lójú èèyàn. Ìyá tó bí i ló ń po epo pupa nílùú náà. Inú ilé tí wọ́n ti ń fi epo wo ikọ́, tí wọ́n ń fi epo pa egbò, tí ọmọ tó bá ṣèèṣì mu kẹrosíìnì á sì gba epo mu lé e lórí, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Lójú Fásanmí, kò sí wàhálà tí epo kò lè rọ̀.

Ó wá ń fẹ́ Àríyíkẹ́, ọmọ Bàbá Owóẹyẹ. Bàbá yìí ti wa ọkọ̀ akẹ́rù títí irun orí rẹ̀ fi funfun, ó sì ti fẹ̀yìn tì sí ilé rẹ̀ lórí òkè, òun àti Píjò àtijọ́ kan tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Nígbà tí Fásanmí lọ dọ̀bálẹ̀ pé òun fẹ́ kó àwọn èèyàn òun wá tọrọ ọmọ, Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀.

"Wọ́n ní o mọ mọ́tò."

"À ń gbìyànjú, sà."

"Kílọ́ọ̀ṣì Píjò mi ti jẹ tán, kò gun òkè mọ́. Gbé e lọ, kí o tún un ṣe. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, wá fi gbé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Bí a bá dé ilé, kó àwọn èèyàn rẹ wá. Bí a kò bá dé…" Bàbá kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Kílọ́ọ̀ṣì lásán, ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì dé ìdí táyà, ì bá ti tó, àbí? Ṣùgbọ́n ta ló ń fi nǹkan lásán wá ojúure àna? Fásanmí wọkọ̀ ó di Ìbàdàn, ó lọ ra kílọ́ọ̀ṣì irú èyí tí wọ́n ń fi sí ọkọ̀ eré ìje. Ọkùnrin tó tà á fún un kò fi nǹkan kan pa mọ́.

"Ọ̀gá, àwo inú rẹ̀ tó ń di ẹ́ńjìnì mú le o. Bó bá ṣì wà ní tuntun, á máa gbọ̀n, á máa kígbe bí ẹ bá ń gbéra. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ máa wà á jẹ́jẹ́ kiri àárín ìlú, ojú rẹ̀ á jẹ díẹ̀, á sì dákẹ́ fúnra rẹ̀."

Fásanmí ní òun gbọ́. Etí rẹ̀ ló gbọ́, ọkàn rẹ̀ ti wà nílé àna.

Ó de kílọ́ọ̀ṣì náà dáadáa. Ó jókòó sínú mọ́tò, ó fẹ́ gbéra níwájú ọjà, ni Píjò bá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n gìgìgì, ó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lábẹ́. Àwọn obìnrin ọjà pariwo ẹ̀rín. "Fásanmí, ṣé ibà ló ń ṣe mọ́tò ni? Ẹ fún un lágbo o!" Ojú tì í débi pé kò lè wo ẹnikẹ́ni lójú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Àríyíkẹ́ ti gbọ́, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ wá.

"Wọ́n ní mọ́tò Bàbá ń gbọ̀n."

"Tuntun ló ń ṣe é."

"Ṣé ó dá ọ lójú pé o kò bà á jẹ́? Torí ẹni tí Bàbá mi bá kọ̀, ó kọ̀ ọ́ náà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára. Ó fi gíríìsì sí ibi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tó ń dún, ìyẹn dákẹ́. Ó fún gbogbo nọ́ọ̀tì tó di ẹ́ńjìnì mú le, mọ́tò ṣì ń gbọ̀n. Ẹni tó sọ pé kó ní sùúrù wà ní Ìbàdàn, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Fásanmí bá ronú pé gbígbẹ ló ń ṣe àwo yìí. Ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà tó já sí ara àwo náà. Gíríìsì ki jù, kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ló bá wọ ilé ìyá rẹ̀, ó bu epo pupa, ó dà á síbẹ̀.

Ẹ gbà mí! Mọ́tò dákẹ́ rọ́rọ́. Ó gbéra láìgbọ̀n, láìdún. Fásanmí wà á yí ọjà po kí gbogbo ẹnu tó rẹ́rìn-ín lè pa dé.

Ọjọ́ ọjà pé. Bàbá jókòó síwájú, Ìyá Ìdòfin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jókòó sẹ́yìn. Wọ́n gbéra, Bàbá ń mi orí. "Ọwọ́ rẹ tutù, ọmọ yìí." Inú Fásanmí dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin.

Wọn kò tíì dé ìdajì òkè tí ẹ́ńjìnì fi bẹ̀rẹ̀ sí ké, tí táyà kò sì yí.

"Tẹ iná sí i," Bàbá wí.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, sà."

Ẹ́ńjìnì ń ké hùùù, mọ́tò dúró gbagidi. Èéfín yọ lábẹ́. Ìyá Ìdòfin na imú sókè. "Ta ló ń dín dòdò?"

"Ẹ́ńjìnì ló gbóná, màmá," Fásanmí wí.

"Ẹ́ńjìnì wo ló ń ta sánsán báyìí?"

Àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ti ń jáde. Obìnrin kan gbé àwo dání, ó ń bèèrè bóyá àkàrà ti jinná. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, Fásanmí tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, Bàbá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìyá arúgbó ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé òkúta sí ìdí táyà. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ikú kò sí nítòsí.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka gba ohun tó ń kán lábẹ́ mọ́tò, ó tọ́ ọ wò.

"Epo ìyá rẹ nìyí. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu."

Fásanmí dọ̀bálẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà gbalaja. "Ẹ foríjì mí, sà. Ó ń gbọ̀n ni, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú ló ń tì mí."

"Ẹni tó tà á fún ọ ńkọ́? Kí ló wí?"

Fásanmí ń fi ìka ha ilẹ̀. "Ó ní kí n máa wà á jẹ́jẹ́, pé á dákẹ́ fúnra rẹ̀."

"Ó sọ ọ́ fún ọ!" Bàbá pàtẹ́wọ́. "Gbígbẹ ni àwo yẹn fi ń di ẹ́ńjìnì mú. Gbígbẹ loúnjẹ rẹ̀. Ohun tó ń fi gbígbẹ jẹun, a kì í fi epo tù ú!"

Gbogbo òkè rẹ́rìn-ín. Fásanmí kò gbójú sókè. "Ṣé kí n má kó àwọn èèyàn mi wá mọ́, sà?"

Ìyá Ìdòfin ló gbẹnu sọ fún un. "Owóẹyẹ, ẹni tí ojú ṣì ń tì ṣì ṣe é kọ́. Gba ọmọ yìí."

"Kí wọ́n máa bọ̀," Bàbá wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni kí gbogbo wọn fi gun òkè yìí, kí òun fúnra rẹ̀ sì ru ẹrù."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Lọ́jọ́ ìdána, Fásanmí ru iṣu, ó ru iyọ̀, ó ru oyin, gbogbo rẹ̀ lórí òkè náà nínú oòrùn. Ó kan kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí àṣà ní kí wọ́n gbé kalẹ̀, ni Bàbá Owóẹyẹ bá dìde lórí àga níwájú àwọn àna rẹ̀.

"Ẹ ṣé o, ẹ kú ìnáwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìyẹn gba ẹ̀yìnkùlé, kó má gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò mi kọjá."

Fásanmí fi agbádá bojú. Títí di òní, bí ọkọ bá ń kánjú fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ohun tí sùúrù nìkan lè tún ṣe, ìyàwó á ní, "Fásanmí, rọra o. Ohun tó ń fi gbígbẹ jẹun, a kì í fi epo tù ú."